Ìwé ni kí á kọ́kọ́ kà, àbí fíìmù ni kí á kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń jọ ka ìwé. Èyí tó kàn ni Half of a Yellow Sun tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ lọ́dún 2006, ìtàn ìfẹ́ Olanna àti Odenigbo lásìkò ogun Biafra. Biyi Bandele ti sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 2013, àwọn kan nínú wa sì ní fíìmù ni kí á fi ṣáájú torí pé ìwé náà gùn.

Mo ti ka ìwé, mo ti wo fíìmù. Fíìmù to ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi àwòrán ìròyìn ayé ìgbà ogun gan-an sí i. Ìyẹn á ran ẹni tí kò mọ̀ nípa ogun náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn: ẹ ó ti mọ̀ pé Olanna àti Kainene, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, ò sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́, kí ẹ tó mọ ohun tó fà á. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, fíìmù á sì ti tú àṣírí yẹn.

Mo ronú pé kí á ka apá kìíní ná, kí á tó wo fíìmù, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn kan ò ní padà sídìí ìwé mọ́.

Èwo ni kí á fi ṣáájú, tí gbogbo wa á fi lè kà á parí? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.