CD tó há sínú ọkọ̀ mi: ó ti jáde o!

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ CD mẹ́fà tó há sínú rédíò ọkọ̀ mi tí mo ké bá yín lọ́jọ́sí, ó ti yanjú o, ẹ ṣeun gan-an. Mo yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú 30 bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, kò ṣiṣẹ́, ó kàn ń ké kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ ni. Ni mo bá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, wọ́n yọ rédíò náà kúrò níwájú ọkọ̀, wọ́n ṣí ìdérí òkè ẹ̀, la bá rí i: bébà tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ CD kan ni ooru ti ká létí bí ewé gbígbẹ, ó wá lẹ̀ mọ́ rọ́bà tó ń fa CD wọlé. CD ò sì nípọn ju mìlímítà 1.2 lọ, kò sáyè fún bébà níbẹ̀ rárá. Wọ́n rọra fọwọ́ yí jíà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn CD náà ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn ìyá mi wà nínú ẹ̀ ò ní àpá kankan, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ bébà mọ́ CD ọkọ̀ o, tó bá sì há, ẹ má ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.