"Kò kéré jù láti sáré" kẹ̀? Mo tó ipò dù!

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè lánàá pé kí la óò máa pe òfin Not Too Young To Run, èyí tó dín ọjọ́ orí àtidu ipò òṣèlú kù, lédè wa. Àbúrò kan dáhùn pé "Òfin Kò-Kéré-Jù-Láti-Sáré". Àbúrò, má bínú, mo ka orúkọ yìí sókè ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mi láàárọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ẹni ọdún 26, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé wọn?"

Ẹni tó fẹ́ ipò kì í sáré, ńṣe ló ń du ipò. Àwọn ọmọ oyè ti ń du oyè kí ìdìbò tó dé. "Díje dupò" tí àwọn oníròyìn ń lò dáa, àmọ́ "díje" nìkan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń ta ayò náà ń díje.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni "kò kéré jù". Ta ló ń sọ pé ọmọ òun kò kéré jù láti fẹ́ ọkọ? "Ó ti tó ọkọ fẹ́" là ń wí. Ó tó ẹrù rù, ó tó ilé kọ́. Ẹ wá fi ipò sí i: ó tó ipò dù. Òfin Mo-Tó-Ipò-Dù! Ó ṣeé kọ sára aṣọ pàápàá.

Ohun tí òfin náà sì ṣe nìyẹn. Látìgbà tí Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ẹni ọdún 25 ti tó ipò aṣòfin dù, ní ìpínlẹ̀ àti nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. 30 ni tẹ́lẹ̀. Ti ààrẹ kúrò ní 40, ó di 35. Wọn ò fọwọ́ kan ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀, 35 náà ló wà. (Ẹ ò rí i, ọjọ́ orí kan náà ni ti gómìnà àti ààrẹ báyìí!)

Ní ti "ìdásí" tí ẹlòmíì fẹ́ ká fi rọ́pò "ìkópa" nínú òṣèlú, mi ò gbà. "Má dá sí i" ni ìyá mi máa ń wí tí mo bá ti mẹ́nu ba ìbò. Ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló dá sí. "Ìlọ́wọ́sí" ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá ti ba ìyẹn jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní fún ọmọṣẹ́ náà, "Ìwọ náà mà ti tó ipò dù." Kò bi mí nítumọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ orí tó, ẹ̀gbọ́n. Owó fọ́ọ̀mù ni ò tó." Lọ́dún 2022, 100 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ta fọ́ọ̀mù ti ààrẹ. "Tó" kan náà ló fi sọ méjèèjì. Ẹni tó bá ní àbá mìíràn, kó mú un wá.