Ìdáhùn: kí la ó máa pe kọ́ńbò gìtá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Mo ti ka lẹ́tà ọ̀gá wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ wọn fẹ́ ra kọ́ńbò, àpótí tó ń mú ohùn gìtá oníná jáde, tí yóò máa fi kọ́ gìtá nínú yàrá, tí yóò sì fi gba orin sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń bá a wá a ni wọ́n ti ní ká máa pe àpótí náà ní "ẹ̀rọ agbohùnsókè alákòópọ̀". Mo tún ka èsì Àǹtí wa tó ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé kọ́ńbò ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, kọ́ńbò náà ni kó máa jẹ́. Ti Àǹtí ni mo fara mọ́, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀ sí tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún àmì ohùn ṣe. "Gbé ohùn" ló bí ọ̀rọ̀ yẹn, bó ṣe bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́, nítorí náà "agbóhùnsókè" ló yẹ ká kọ. "Gba ohùn" ló bí agbohùnsílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó ń wá kọ́ńbò tí yóò fi gbohùn sílẹ̀ yóò lo méjèèjì nínú gbólóhùn kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi àmì rú u lójú.

Ohun tí mo ń bá jà gan-an ni "gbé sókè" yẹn. Nǹkan mẹ́ta ló ń gbé inú kọ́ńbò. Àkọ́kọ́ ń gba ohùn tíńtín tó ti ara gìtá wá, ó ń fún un ní ìdún ìsàlẹ̀ àti tòkè, ó sì lè mú kó há bí ohùn onífújì. Mo dábàá pé ká pe ìyẹn ní apohùndà. Ìkejì ló ń fún ohùn náà lágbára tí yóò fi lè ti sípíkà. Òun nìkan ni agbóhùnsókè. Ìkẹta ni sípíkà fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀, tí wọ́n fi sípíkà sínú kábínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú àpótí kan náà ló ń jẹ́ kọ́ńbò. Bí a bá wá pe gbogbo rẹ̀ ní agbóhùnsókè, a ti fi orúkọ ẹnì kan pe agboolé.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí. Ó kàn mí nítorí orúkọ yẹn ti ná mi lówó rí. Ní ọjọ́ kan báyìí, mo lọ ra kọ́ńbò wáàtì 100 fún yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé n'Íbàdàn, ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ. Agbára ni mò ń rà. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ nǹkan mìíràn ju "ó lágbára" lọ, èmi náà ò sì béèrè. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò kọjá odo kí ìyá onílé tó kanlẹ̀kùn. Níbi tí mo sì fi bọ́tìnnì náà sí yẹn, ohùn rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Oṣù kejì ni mo tà á ní àtàdànù.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé wáàtì kì í ṣe ariwo. Wáàtì 50 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá 5, àmọ́ etí máa ń gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì péré. Láti 50 dé 100, desibẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 3 péré ló fi lé. Kọ́ńbò Fender Champ tí kò ju nǹkan bíi wáàtì 5 lọ, tó ní sípíkà ínṣì 8 kan, lè dí yàrá pa. Vox AC30 tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1950 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí túùbù rẹ̀ (àwọn ìgò bíi gílóòbù tó ń fún ohùn lágbára) tó há bó ṣe yẹ, àdúgbò yóò ti pè yín sípàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn irú Boss Katana 50 tó jáde ní 2016, tí ó ní bọ́tìnnì tí ó lè sọ 50 di 25, tàbí ìdajì wáàtì kan. Onígìtá jùjú tó fẹ́ kí ohùn mọ́ gaara kò wá híhá rárá. Irú Roland JC-120 ti 1975 ni yóò máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Tí iná bá ń ṣe yín bó ti ń ṣe wá, kọ́ńbò kékeré Micro Cube ń fi bátìrì kéékèèké mẹ́fà ṣiṣẹ́.

Mo ti ń sọ "há" láti òkè. Ẹnì kan pe ìró yẹn ní "ìdàrú ohùn". Rárá o. Kò sí ohun tó dàrú níbẹ̀, owó ni wọ́n fi ń rà á. Ta ló gbọ́ ohùn onífújì tó há tó ní ó ti bàjẹ́? Ohùn híhá ni kí a máa pè é.

Sípíkà náà kì í kàn gbé ohùn jáde. Ti gìtá kì í jẹ́ kí ìró tó tíńrín jù kọjá. Ó ń sẹ́ ohùn bí a ti ń sẹ́ ògì. Ẹ ki wáyà láti ara apohùndà tó há tààrà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe máa ta yín létí bí eṣinṣin inú agolo. Nítorí náà, bí ọmọ ọ̀gá wa bá fẹ́ gbohùn sílẹ̀, kó gbé máìkì síwájú sípíkà (máìkì SM57 tí wọ́n ti ń lò láti 1965 tó o), tàbí kó wá kọ́ńbò tí ojú USB rẹ̀ ń ṣe àfarawé sípíkà. Ìyẹn ló dára fún òru, torí íàpíìsì ni yóò fi máa gbọ́ ọ.

Apohùndà, agbóhùnsókè, sípíkà. Kọ́ńbò fún àpótí. Ó ku bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "gain" sí, tí kì í ṣe ti ariwo. "Ìhá" ni mo fẹ́ pè é, àmọ́ ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ti sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Lálẹ́ àná ló ń ké láti pálọ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìbínú ẹ̀ kù!"