Pírìntà Wi-Fi tó dákẹ́ lẹ́yìn update: ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó wà

Àgbowó

N'Ìbàdàn níbí, orúkọ àdúgbò oníkálukú wa la fi ń pe ara wa. Láti iwájú géètì Yunifásítì títí dé Ṣáńgo, àìsàn kan náà ni. Pírìntà tẹ project ojú ewé 80 lálẹ́ àná, kò kọ ọ̀kan. Láptọ́ọ̀pù ṣe update mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, "Offline" ló gbé sójú. Oníbàárà ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ á wá máa yá wa láti yọ pírìntà náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà ká tún un fi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ṣe dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá pírìntà sọ̀rọ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbé Wi-Fi jáde, ló ń pín nọ́ńbà (IP address) fún gbogbo ohun tó bá so mọ́ Wi-Fi. Wọ́n mú iná lóru, ráútà kú. Iná dé, ráútà jí, ó tún nọ́ńbà pín. Pírìntà tó ń jẹ́ 192.168.8.101 lánàá lè ti di 192.168.8.104. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ ló ṣì ń kàn. Torí pé òru yẹn náà ni update wọlé, òun la máa ń dá lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ bi pírìntà fúnra rẹ̀ léèrè. Lórí ọ̀pọ̀ HP kékeré, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Wi-Fi àti èyí tó ní lẹ́tà i pa pọ̀, á tẹ ìwé kan síta. Èyí tó bá ní ojú tí a ń fọwọ́ tẹ̀, ẹ wá Network nínú Settings rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ IPv4 Address sí ni kí ẹ wò. Bí 169.254 ló bá fi bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ráútà kò fún un ní nọ́ńbà kankan. Ẹ lọ so ó mọ́ Wi-Fi kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Bí nọ́ńbà gidi bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ẹ wá kọ ipconfig. Ọ̀wọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá ti pírìntà mu. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.8, tí èkejì jẹ́ 192.168.0, orí ráútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ kọ ping, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà pírìntà. Ẹ ka ìdáhùn rẹ̀ dópin o: "Reply from" tó bá parí sí "Destination host unreachable" kì í ṣe ohùn pírìntà, kọ̀ǹpútà yín ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Èyí tí a ń wá ni èyí tó gbé bytes àti time dání.

Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé o, Àgbowó. Ibi tí ẹ dúró sí ni kí n ti gbà á. Bí ping bá dáhùn tí "Offline" kò kúrò, ẹ wo port, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí pírìntà. Ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, Printers & scanners, ẹ mú pírìntà náà, ẹ wá tẹ Printer properties. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ Printing preferences, wọn á wá sọ pé àwọn kò rí Ports. Printer properties ni mo wí.

Nínú Ports, ẹ wo ìlà tí wọ́n fi àmì sí. Bí orúkọ rẹ̀ bá fi WSD bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro máa ń wà. WSD kì í di nọ́ńbà mú, ńṣe ló ń pariwo sórí Wi-Fi kí pírìntà jẹ́ ẹ. Bí update bá sì ti sọ Wi-Fi yín di Public, Windows á ti ilẹ̀kùn wíwá ara ẹni, pírìntà ì báà wà lórí tábìlì kan náà, kò ní rí i.

Ẹ tẹ Add Port, Standard TCP/IP Port, New Port, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí pírìntà tẹ̀. Bí ó bá bi yín ní Device Type, tó gbé Generic Network Card kalẹ̀, ẹ dúró ná. Ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé pírìntà kò dá a lóhùn: yálà ó ti sùn, tàbí nọ́ńbà ni ẹ ṣì kọ. Ẹ jí i, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un kọ. Lẹ́yìn tó bá wọlé, ẹ tẹ Configure Port, ẹ yọ àmì kúrò níwájú SNMP Status Enabled. Nǹkan kékeré yìí máa ń mú kí Windows pe pírìntà tó wà láàyè ní òkú, torí pé ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́nà tí pírìntà náà kì í gbà dáhùn.

Àmọ́ gbogbo rẹ̀ á tún bàjẹ́ tí iná bá lọ, àfi tí ẹ bá de nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé ráútà. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára lébẹ́lì abẹ́ rẹ̀, 192.168.8.1, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló wọ́pọ̀. Ẹ wá DHCP reservation, ibi tí a ti ń ya nọ́ńbà sọ́tọ̀, ẹ so MAC address pírìntà (àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) mọ́ nọ́ńbà kan. Ọ̀pọ̀ MiFi kékeré kò ní èyí. Tí kò bá sí, orí pírìntà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́: bí ráútà bá ń pín láti 100 dé 200, ẹ mú 192.168.8.50, subnet 255.255.255.0, gateway 192.168.8.1. Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà tó wà láàárín èyí tí ráútà ń pín, kó má bàa fi fún fóònù oníbàárà lọ́jọ́ kan.

Bódìjà

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ fi ìṣẹ́jú kan wo orúkọ pírìntà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́yìn update, ẹ lè rí méjì: ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, èkejì ní orúkọ kan náà pẹ̀lú Copy 1 lẹ́yìn. Ọ̀kan ti kú. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ń ní kí ẹ wá ibi tí ẹ máa fi fáìlì pamọ́ sí, Microsoft Print to PDF ló ti gba ipò. Ẹ pa "Let Windows manage my default printer", kí ẹ fọwọ́ ara yín yan èyí tí ẹ fẹ́.

Iṣẹ́ tó há sẹ́nu náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ net stop spooler, kí spooler tó ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé lè dúró. Ẹ wọ C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, méjì méjì ni wọ́n máa ń wà, SPL àti SHD. Ẹ má pa fódà gan-an rẹ́. Ẹ kọ net start spooler.

Dùgbẹ̀

Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà kan ti ń bá àwọn yòókù gbé pírìntà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní àárín 2021, wọ́n rí ihò kan nínú ètò ìtẹ̀wé Windows, wọ́n ń pè é ní PrintNightmare. Ẹni ibi lè gba ibẹ̀ gba àṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹni tí kò bá ní àṣẹ administrator kò lè fi dráífà pírìntà sí i mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ni àṣìṣe (error) 0x0000011b bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pàápàá níbi tí kọ̀ǹpútà kan ti gba update tí èkejì kò gbà.

Àwọn kan á ní kí ẹ wọ registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, kí ẹ sọ RpcAuthnLevelPrivacyEnabled di 0. Ó máa tẹ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò mìíràn tí wọ́n dí nínú ètò ìtẹ̀wé lẹ tún ṣí yẹn, mi ò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é níbi tí ìwé owó oṣù àwọn èèyàn wà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà gba update. Tó bá jẹ́ pírìntà Wi-Fi ni, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ bá a tààrà ní nọ́ńbà rẹ̀ bí Mọ́kọ́lá ṣe là á sílẹ̀.

Challenge

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi hotspot fóònù tẹ̀wé, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ pírìntà kì í gbọ́ 5GHz, 2.4GHz nìkan ni wọ́n mọ̀. Lórí iPhone 12 sókè, ẹ tan Maximize Compatibility; lórí Android, ẹ yan 2.4GHz nínú band. Bí pírìntà bá ti pẹ́ láyé, ẹ fi ààbò hotspot sí WPA2, WPA3 lè má yé e. Àwọn Android tuntun lè yí gbogbo nọ́ńbà padà tí ẹ bá pa hotspot tí ẹ tún tan án, nítorí náà, dídè nọ́ńbà tí Mọ́kọ́lá sọ lókè yẹn kò lè dúró níbẹ̀. Ráútà kékeré sàn jù fún ẹni tó ń fi ìwé títẹ̀ jẹun.

Tẹni tó ń lo Mac: láti macOS 15, ẹ wo Local Network nínú Privacy & Security. Bí wọn kò bá fún ètò ìtẹ̀wé tó bá pírìntà wá láyè níbẹ̀, kò ní rí pírìntà.

Àgbowó

Ó wá ku dráífà. Nígbà míì, update ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ní oṣù Kẹta 2021, update kan ń sọ ojú Windows 10 di búlúù tí èèyàn bá tẹ̀wé sí àwọn Kyocera, Ricoh àti Zebra kan. Microsoft gbé àtúnṣe jáde nínú oṣù náà. Bí pírìntà bá dáhùn ping, tí port tọ̀nà, tí spooler mọ́, síbẹ̀ tí lẹ́tà jágbajàgba ló ń tẹ̀, nígbà yẹn ni kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ yọ pírìntà, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ printui /s /t2. Ẹ mú dráífà náà, Remove, ẹ yan "Remove driver and driver package". Bí ó bá ní wọ́n ń lò ó lọ́wọ́, ẹ tún spooler tàn, kí ẹ sì sáré padà síbẹ̀. Ẹ wá gba dráífà tuntun láti ojú ewé ẹni tó ṣe pírìntà.

Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ yọ update: Windows Update, Update history, Uninstall updates. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ Pause, ó gba ọ̀sẹ̀ 5 lórí Windows 11. Tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, update yẹn kan náà á tún padà wọlé.