Ọ̀pá ni o, kì í ṣe àgbá: lórí gígùn ìbọn ayíbírí

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìwé tí ẹ ń tú sí Yorùbá ń sọ bí ó ṣe yẹ kí ìbọn rifọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tó ń yí ọta rẹ̀, gùn tó, ẹ sì pe àkọlé rẹ̀ ní "gígùn pípé fún àgbá ìbọn ayíbírí". Ẹ ní ẹni tó bá rí àlébù níbẹ̀ kó wí. Ayíbírí dùn mọ́ mi lẹ́nu, òun ni màá sì máa lò láti ìsinsìnyí. Ìyókù ni mo ní ẹjọ́ lé lórí.

Mo mọ ibi tí àgbá ti wá. Òyìnbó ló ń fi orúkọ kan pe àgbá epo àti irin tí ọta ń gbà jáde, ìwé atúmọ̀ èdè sì gbé ti epo fún yín. Ní tiwa, tí a bá ti dárúkọ àgbá mọ́ ogun, ìbọn ràbàtà orí kẹ̀kẹ́ ni. Ní oṣù kejì ọdún 1897 tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì kan, gbógun ti Ìlọrin, àgbá wà lára ohun tí wọ́n yìn sí ìlú. Ẹ wá sọ fún ọmọ Ìlọrin pé àgbá kan wà tí wọ́n ń kì bọ àpò ṣòkòtò, ẹ̀rín ni yóò pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé Òmù-Àrán, mo yà sí àgbẹ̀dẹ bàbá kan tó máa ń tún ìbọn ṣakabùlà ṣe fún àwọn ọlọ́dẹ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ibi tí ọta ń gbà kọjá. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀pá ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?" Wọ́n fa páìpù omi àtijọ́ kan yọ lábẹ́ àpótí, wọ́n fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n ní kí èmi náà yọjú wò ó. Ìmọ́lẹ̀ roboto kan bíi kọ́bọ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun. "Ẹnu rèé," wọ́n fi àtàǹpàkò kan etí páìpù, "ìdí rèé. Ohun tó wà láàárín wọn ni ọ̀pá." Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ká kúkú máa pe gbogbo rẹ̀ ní ẹnu ìbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu kì í gùn. Ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ló ń gùn.

Síbẹ̀, ọ̀pá bàbá yìí ò bá ti ayíbírí dọ́gba tán. Nínú ṣakabùlà, láti ẹnu la ti ń ki ẹtù àti ọta wọlé, ọ̀pá kan náà ló gbà wọ́n, òun náà ló ń tì wọ́n jáde. Ti ayíbírí, tí Samuel Colt gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836, ní irin roboto kan lẹ́yìn ọ̀pá, ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú rẹ̀, ọta kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀, tó ń yí bí wọ́n bá ti ń yìn ín. Mo ti ń pe irin yẹn ní "ilé ọta". Tí wọ́n bá ní ayíbírí kan jẹ́ íǹṣì mẹ́rin, láti iwájú ilé ọta dé ẹnu ni wọ́n wọ̀n, ilé ọta fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò. Ìbọn ìléwọ́ kejì, èyí tí ọta rẹ̀ ń wọlé láti inú ìdímú, wọ́n ń ka ibi tí ọta sùn sí mọ́ ọ̀pá. Íǹṣì mẹ́rin ìhín kì í ṣe íǹṣì mẹ́rin ọ̀hún. Ẹ má kọ "gígùn ìbọn" o. Ẹ kọ "gígùn ọ̀pá", kí ẹ sì sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. (Ẹni tó ní ká fi "àtàǹpàkò" rọ́pò íǹṣì, àtàǹpàkò ta ni?)

Ẹ bá mi yọ "pípé" náà. Ohun tó pé ni èyí tí kò ku síbì kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀pá tí kò ní ibi tó kù sí. Ọ̀pá gígùn ń jẹ́ kí èéfín ẹtù pẹ́ lẹ́yìn ọta, kó tì í dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ń jò gba àlàfo tó wà láàárín ilé ọta àti ọ̀pá. Ẹni tó bá fi ìka síbẹ̀ yóò jó o. Àmì orí ìbọn tí a fi ń fojú sun ohun tí a fẹ́ yìn náà yóò jìnnà síra. Ká ní àmì iwájú àti tẹ̀yìn fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra, tí tiwájú sì yẹ̀ ní mílímítà 1 péré, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 tàsé ohun tó wà ní mítà 10. Bí wọ́n bá fi 20 jìnnà síra, 5 ni yóò fi tàsé. Ọ̀pá kúkúrú ṣeé fi pamọ́, ṣùgbọ́n iná ẹnu rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ ń di etí, ó sì ń ta sókè lọ́wọ́. Ọ̀pá Colt Walker, ayíbírí kan ti 1847, jẹ́ íǹṣì 9, ẹṣin ló ń bá olówó rẹ̀ rù ú. Ti 1873 tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jẹ́ 7½, wọ́n sì ń ta ti 4¾ fún ará ìlú. Colt Detective Special ti 1927 kò ju 2 lọ, ti ẹni tó fẹ́ fi kóòtù bò ó. Èwo ló pé níbẹ̀? "Gígùn tó bá iṣẹ́ mu" ni kí ẹ kọ.

Àbúrò wa ní Ajàṣẹ́-Ìpo wá ní ká pe oníǹṣì méjì yìí ní "ìléwọ́ ọlọ́pàá kúkúrú". Gírámà rẹ̀ ò yẹ̀: oní pẹ̀lú ọ̀pá, ọlọ́pàá náà ni, ọ̀pá ọwọ́ àwọn agbófinró ló kúkú sọ wọ́n lórúkọ. Àmọ́ àbúrò mi, ka èyí sókè: "Ọkùnrin náà yọ ìléwọ́ ọlọ́pàá kúkúrú kan." Ọlọ́pàá pẹ́ńpẹ́ kan ni mo rí lójú ara mi, tó ń wá ìbọn rẹ̀ kiri! Oníǹṣì mẹ́rin sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí yóò wá di ìléwọ́ ọlọ́pàá ti ọlọ́pàá. "Ìléwọ́ ọ̀pá-kúkúrú" kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ilé ọta ni èmi fúnra mi ò tíì fi gbogbo ara gbà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò fàyè gba ayíbírí lọ́wọ́ ará ìlú láìsí àṣẹ Ààrẹ, nítorí náà àwọn ọlọ́dẹ wa ò ní ìdí tí wọn ìbá fi sọ apá ara rẹ̀ lórúkọ. Mo fi igi ya irin oníhò mẹ́fà yẹn sórí eérú fún bàbá ní Òmù-Àrán. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó jọ afárá oyin. Láti ìgbà yẹn, "afárá ọta" ni mò ń sọ lábẹ́lẹ̀. Kí lẹ rí sí i?