Inú ọ̀pá ìbọn ọdẹ ń dógùn-ún lásìkò òjò: epo wo ló yẹ ẹ́?

Ọdẹ Àkúrẹ́: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣakabùlà tó ní ìwé àṣẹ ni. Kẹrosínì la fi ń fọ̀ ọ́, epo pupa la fi ń pa á, síbẹ̀ ó ń dógùn-ún, òòlù rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ṣé gírísì ló kù?

Bàbá Arọ́bọn: Kì í ṣe gírísì, ọmọ mi. Ẹ̀tù tó jó máa ń fi iyọ̀ sínú ọ̀pá, iyọ̀ yẹn ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Kẹrosínì ò lè yọ iyọ̀, omi ló ń yọ ọ́. Kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Da omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ sí i, fi àkísà orí igi gbo ó títí omi yóò fi mọ́. Irin tó gbóná á tètè gbẹ. Fi àkísà gbígbẹ nù ún, kó o tó fi epo máṣíìnì ìránṣọ pa á: kó ṣáà dán, kó má ṣàn.

Ìyá Ọlọ́jà Ọdẹ: Ẹ fi epo pupa sílẹ̀ fún ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń dì bí oje igi lára sípíríǹgì, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló ń mú òòlù falẹ̀.

Ọdẹ Ìdànrè: WD-40, epo fífín inú agolo, ń lé omi, àmọ́ kì í pẹ́ lára irin. Gírísì bíńtín, ìwọ̀n orí ìṣáná, tó fún ìdè ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ìyẹn oríkèé tó ti ń ṣí. Ẹ nu epo inú ọ̀pá kúrò kí ẹ tó ki ìbọn o: ẹ̀tù tó bá kan epo kì í jó dáadáa.