Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú, èwo ni kí n mú nínú gbogbo rẹ̀?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àbúrò. Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá ni mo ṣe gbé e wá síbí, mi ò sì fẹ́ ìwàásù.

Ẹgbẹ́ wa jáde ní Ojúde Ọba tó kọjá. Télọ̀ mi ki fóòmù sí bùláòsì mi kí àyà lè kún, torí léèsì náà ò jókòó rárá. A jó, a kúnlẹ̀, a dìde, fóòmù apá òsì ti sún dé abíyá mi. Èmi ò mọ̀ o, mò ń rẹ́rìn-ín sáwọn oníkámẹ́rà ní tèmi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ya fídíò rẹ̀, ó gbé e sórí WhatsApp status, ó sì fi ẹ̀rín oríṣiríṣi sí i. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde rí i tán kí n tó délé. Mo pè é, ó ní eré ni. Eré wo? Obìnrin tó jẹ́ pé èmi ni mo dá aṣọ ẹgbẹ́ fún lọ́dún èṣí, tí kò tíì san tán!

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Gbogbo wọn ló mu ọmú dáadáa, kò sí èyí tí mo fi wàrà agolo tọ́ nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, àyà mi ni wọ́n fi ń júwe mi fún àlejò. Ní báyìí, ó ti rí bí àpò tí wọ́n kó gàrí inú rẹ̀ tà. Ti òsì tilẹ̀ ti wá yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Ọkọ mi ò bú mi, àmọ́ ó ti ń fi “màmá àgbà” ṣeré pẹ̀lú mi, eré yẹn ò sì dùn mọ́ mi.

Mo ti rí ẹni tí yóò ṣe é ní Èkó. Wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́: implant, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n máa ń ki sínú ọmú kó lè kún, ṣé ti sílíkónì ni àbí ti omi iyọ̀? Ṣé abẹ́ ẹran àyà ni àbí òkè rẹ̀? Ṣé abíyá ni wọn yóò gbà wọlé, àbí abẹ́ ọmú, àbí etí orí ọmú? Àbí kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn mi sí i? Wọ́n ní kí n dáhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Èyí tí àwọn ará ilé ọkọ mi ò ní fura sí ni mo fẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, èwo ni kí n mú?

Ìyá Tọ́bi, Ṣàgámù
Ọmọ mẹ́ta, kí ni ọmú fẹ́ ṣe tí kò ní wálẹ̀? Tèmi ti ń wo ìdodo, bàbá Tọ́bi ò lé mi jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn ló yẹ kí o kojú, ọmú ò ṣẹ̀ ọ́.

Alhaja Aláṣọ Òkè
Télọ̀ ló ṣẹ̀ ọ́. A kì í ki fóòmù sínú aṣọ lásán, ńṣe là ń rán an mọ́ aṣọ inú. Mo ní télọ̀ kan nítòsí Òkè Àjẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe, o lè jó láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní mira. Kí obìnrin náà sì san owó aṣọ ẹgbẹ́ o, ìyẹn ò sí nínú eré.

Báyọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ̀yin obìnrin ẹ ò ní fi nǹkan pa ara yín. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra àyà, ẹ fi ra ilẹ̀.

Alábòójútó
Ta ló mú ọkùnrin wọ àárín wa?

Adúnní Òkè Òkun
Èmi ti ṣe é, mi ò sì tijú. Ọmọ Òde Rẹ́mọ ni mí, ìlú ọba ni mo wà. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ìdájì ọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń polówó máa ń sọ.

Sílíkónì àti omi iyọ̀, awọ kan náà ló bo àwọn méjèèjì, sílíkónì ni awọ náà. Inú wọn ló yàtọ̀. Wọ́n máa ń ki olómi iyọ̀ wọlé lófìfo kí wọ́n tó rọ ọ́ kún nínú ara, ìdí nìyẹn tí ojú abẹ rẹ̀ fi máa ń kéré. Bó bá bẹ́, o ò ní pẹ́ mọ̀, ọmú á wálẹ̀ pẹlẹbẹ, ara á sì fa omi náà mu. Àmọ́ bí ara rẹ ò bá nípọn, o lè máa rí bó ṣe ń ká jọ lábẹ́ awọ. Sílíkónì ló sún mọ́ ẹran ara jù tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó lè bẹ́ sínú kí o má mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fi ní kí ẹni tó bá lo sílíkónì ṣe MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) tàbí skáànì lẹ́yìn ọdún 5 sí 6, kó sì máa tún un ṣe ní ọdún 2 sí 3 síra wọn. Ṣé o ti ṣírò ìyẹn mọ́ owó rẹ? Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí yóò bá wa dé sàréè. Ara tún máa ń hun awọ tirẹ̀ yí i ká, awọ náà sì lè fún un pa. Ti ọ̀tún mi le gbagidi, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Wọ́n tún un là.

Tún béèrè bóyá èyí tí ara rẹ̀ dán ni àbí èyí tí ara rẹ̀ rí hárahàra. Ní oṣù keje ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó Biocell wọn, implant tó rí hárahàra, kúrò lọ́jà káàkiri ayé nítorí irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń hù nínú awọ tó yí i ká.

Pabanbarì rẹ̀ rèé: implant kì í gbé ọmú tó ti já sókè. Dúró níwájú dígí láìwọ kọ́mú. Bí orí ọmú rẹ bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà abẹ́ ọmú, kí wọ́n gé awọ tó ṣẹ́kù kúrò, kí wọ́n fà á sókè rán, lo nílò, yálà o fi implant kún un tàbí o ò fi kún un. Bí wọ́n bá kàn ki rọ́bà sínú ọmú tó ti já, wọ́n dì kún ẹrù rẹ ni. Ǹjẹ́ wọ́n béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Ẹ ṣé, Àǹtí Adúnní. Wọn ò béèrè. Ti awọ gígé yẹn, ṣé àpá rẹ̀ ò ní hàn? Mo fẹ́ abíyá.

Ìyàwó Wòlíì
Àwọ̀ tí Elédùmarè fi dá wa ló yẹ wá. Ọmọbìnrin, lọ bá ọkọ rẹ jókòó sọ̀rọ̀, kó fi ọ̀rọ̀ “màmá àgbà” sílẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Mo ní ẹ má wàásù fún mi.

Ṣẹ̀gi, Ìkẹ́nnẹ́
Ọ̀rá ikùn ni kí o mú. Ara tìrẹ ni, kò sí rọ́bà níbẹ̀, ikùn á tún wọlé. Òkúta kan ló fi pa ẹyẹ méjì.

Adúnní Òkè Òkun
Ṣẹ̀gi, má ṣe bẹ́ẹ̀ tan èèyàn. Ara máa ń gbé lára ọ̀rá yẹn mì, kì í sì í fi ju díẹ̀ lọ kún ọmú. Kò lè gbé èyí tó já sókè. Ẹni tí kò lọ́rá ńkọ́? Díẹ̀ nínú rẹ̀ tún lè dì síbẹ̀, kó máa da mammogram, àwòrán tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ọmú, rú lọ́jọ́ iwájú.

Ṣẹ̀gi, Ìkẹ́nnẹ́
Mo kúkú mọ̀ pé ẹ ti gba ìwé dókítà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, ó sì dára lára rẹ̀.

Ìyá Tọ́bi, Ṣàgámù
Ṣé ọ̀rá ni wọ́n fà sí i àbí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́? Èmi mọ ẹni tí wọ́n gún ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ojú ò ríbi.

Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, Ìperu
Ìyá Tọ́bi sọ òótọ́. Sílíkónì olómi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sára lásán, FDA ò fọwọ́ sí i fún ọmú rárá. Ó máa ń sún káàkiri, kò sì ṣeé kó jáde tán.

Àbúrò mi, a ti ń sọ̀rọ̀ a ò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn ti já lẹ́nu ọmú, ó sì ti tó ìgbà wo? Ṣé o ṣì fẹ́ bímọ? Kí ni jínótáìpù rẹ? Torí ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, oògùn oorun kì í ṣe ohun eré fún un. Ṣé àpá máa ń wú lára rẹ? Ta ni ẹni tó fẹ́ ṣe é? O tún ní ti òsì yàtọ̀. Yàtọ̀ báwo?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Mo pé 36. AA ni mí. Ọkọ mi fẹ́ ọmọkùnrin kan sí i, ìyẹn ti òun. Ibi tí mo lu etí kejì sí wú, àmọ́ etí nìyẹn, kì í ṣe àyà. Dókítà ni wọ́n, fídíò wọn pọ̀ lórí Instagram, àwọn gbajúmọ̀ wà níbẹ̀.

Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, Ìperu
Etí tó wú, àyà náà lè wú. Àárín àyà wà lára ibi tí keloid, ìyẹn àpá tó ń wú, fẹ́ràn jù. Kí dókítà mọ̀ kó tó mú abẹ. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí o tún bí, oyún á tún ọmú nà, owó rẹ á ṣòfò, bí wọ́n bá sì gba etí orí ọmú wọlé, ó lè dí fífún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́. Fídíò kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí o bi MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, léèrè bóyá ó wà nínú ìwé wọn, àti bóyá iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ló kọ́.

O ò dá mi lóhùn lórí ti òsì.

Alhaja Aláṣọ Òkè
Ẹ̀yin Rẹ́mọ ẹ mọ ìbéèrè bi èèyàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ fi owó rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìyá Tọ́bi, Ṣàgámù
Alhaja, ẹ fi Rẹ́mọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Mọ̀mọ́, ẹ má dẹ́rù bà mí. Torí kí méjèèjì lè dọ́gba náà ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é. Ìgbà tí mo já àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọmú tán ni ti òsì bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ti wọnú, tẹ́lẹ̀ ó máa ń yọ síta bíi ti ọ̀tún. Bí mo bá sì gbé apá sókè, awọ abẹ́ rẹ̀ máa ń fà wọlé níbì kan. Kò dùn mí rárá. Mo ti sọ fún wọn ní Èkó, wọ́n ní implant á tì í jáde.

Adúnní Òkè Òkun
Ah.

Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, Ìperu
Dá gbogbo rẹ̀ dúró. Sílíkónì, omi iyọ̀, ọ̀rá, kò sí èyí tó kàn báyìí.

Mi ò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ọmú tó ń fún ọmọ lóúnjẹ lè wú nínú, ó sì lè fa orí rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, pẹ̀lú awọ tó ń fà, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kàn án. Pé kò dùn ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ohun tí o sọ yìí tó ní implant á tì í jáde, má jẹ́ kó fọwọ́ kàn ọ́.

Lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ṣàgámù, ní kí wọ́n júwe klíníìkì iṣẹ́ abẹ fún ọ. Sọ ọ̀rọ̀ náà bí o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí, má fi fídíò Ojúde Ọba ṣáájú. Wọ́n á fọwọ́ wá inú rẹ̀ títí dé abíyá, wọ́n á ṣe skáànì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi mammogram kún un. Bí kókó bá wà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ṣé ẹnì kankan ní ẹbí rẹ ti ní àrùn ọmú rí?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Àbúrò ìyá mi. Wọ́n ní ayé ló ṣe é.

Ìyàwó Wòlíì
Ọmọ mi, wá sí ilé àdúrà wa lọ́jọ́rú. Ọlọ́run ń ṣe é.

Ìyá Tọ́bi, Ṣàgámù
Ìyá ìjọ, ẹ máa gbàdúrà níbẹ̀, kó máa lọ sílé ìwòsàn níbí. Ẹ̀gbọ́n mi fi agbo wẹ ọmú títí ó fi dégbò. Nígbà tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ó ti dé egungun ẹ̀yìn. Mi ò lè dákẹ́ lórí èyí o.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Mo ti san 400,000 náírà sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá yí ọjọ́ padà, owó náà ti wọgbó nìyẹn.

Ṣẹ̀gi, Ìkẹ́nnẹ́
Jẹ́ kó lọ. Owó ni.

Alhaja Aláṣọ Òkè
Ta ló ní kó lọ? Ọmọbìnrin, Ṣàgámù lọ́la, owó rẹ lọ́túnla. Fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp pamọ́, pàápàá ibi tó ti ní implant á tì í jáde. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ lọ́yà.

Adúnní Òkè Òkun
Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò sí nǹkan kan, tó sì ṣì ń wù ọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba bíi LUTH àti Igbóbì ní Èkó, àti ní UCH Ìbàdàn. Èmi náà á jókòó tì ọ́ lórí fóònù, a ó jọ mú èyí tó yẹ.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ
Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi nípa orí ọmú yẹn. Ńṣe ni mo máa ń pa iná kó má bàa rí i. Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, aago mélòó ni wọ́n ń gba káàdì?

Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, Ìperu
Tètè dé, èrò máa ń pọ̀. Mú ẹnì kan dání, bí kò bá tíì ṣe ọkọ rẹ, kó jẹ́ àbúrò rẹ. Kọ sí mi níkọ̀kọ̀, màá fún ọ ní nọ́ńbà mi. Bí o bá ti dé gééètì, pè mí.

Alábòójútó
Ẹ má kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Èkó yẹn síbí o, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Báyọ̀, mo ti yọ ọ́.